Ìlú Tí Wọn Kì Í Ti Í Sọ Pé Rárá

Láti ìgbà tí mo ti padà sí etí omi ni ẹ ti ń dá mi dúró lórí afárá pákó, lẹ́yìn ìsìn, nínú ọkọ̀ ojú omi pàápàá, tí ẹ ń bi mí pé ọ̀hún ńkọ́, báwo ni wọ́n ṣe rí, kí ni wọ́n ń jẹ. Mo ti dáhùn títí ẹnu fi ń ro mí. Ẹ jẹ́ kí n kúkú jókòó kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ kà á, kí ẹni tí kò bá fẹ́ kà á jẹ́ kí n sinmi.

Mo gbọ́ pé àwọn kan ń sọ pé ọkọ ni mo lọ wá. Kì í ṣe ọkọ. Iṣẹ́ ni.

Ẹ mọ̀ pé mo ti gba oyè dókítà, kì í ṣe ti abẹ́rẹ́, ti ìwé ni, lórí àwọn kòkòrò tíntìntín tó ń gbé inú omi tí kò ṣàn. Nígbà tí mo gbà á, ìyá mi se oúnjẹ, ẹ jẹ, ẹ mu, ẹ jó. Ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò mọ̀ ni pé oyè náà kì í ṣe òpin ọ̀nà. Ẹni tó bá gbà á tán tí kò rí ibi tó ti máa ṣe ìwádìí dà bí ẹni tó ra àwọ̀n tuntun tí kò ní odò. Yunifásítì kan wà lókè lọ́hùn-ún tó ní àyè kan ṣoṣo fún irú wa: ọdún méjì lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó ń ṣèwádìí lórí sòbìà, aràn gígùn tó máa ń dá ẹsẹ̀ ènìyàn lu tó sì ń yọ orí jáde díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá ṣe ọdún méjì náà dáadáa, wọ́n lè gbà á gẹ́gẹ́ bí olùkọ́. Bẹ́ẹ̀ inú àwọn kòkòrò tèmi yẹn gan-an ni ọmọ sòbìà ń gbé kí ènìyàn tó mu ún mọ́ omi. Ó dà bí ẹni pé èmi ni wọ́n dá iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún.

Gbogbo ibi yòókù ti ti ilẹ̀kùn. Ìjọba ní kí wọ́n má gba ẹnikẹ́ni sí iṣẹ́ mọ́. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń tò síwájú ọ́fíìsì àwọn òyìnbó nítorí físà, àwọn mìíràn ti lọ, wọ́n ń fi fọ́tò yìnyín ránṣẹ́. Bí n kò bá rí àyè yìí, ilé-ẹ̀kọ́ girama ní Igbókòdà ló kù, kí n máa kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀yà ara tata títí n ó fi gbàgbé ohun tí mo mọ̀. Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí gidigidi.

Ọ̀jọ̀gbọ́n náà ti rí mi rí ní ìpàdé àwọn onímọ̀. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ tí mo sọ níbẹ̀, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Dókítà, ẹ máa bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Àyè ń bẹ." Lórí gbólóhùn yẹn ni mo kó ẹrù mi lé.

*Géètì tí a tì*

Nígbà tí mo dé yunifásítì náà, koríko ti ń hù lójú ọ̀nà géètì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti fi ẹ̀hónú hàn, ìjọba sì ti ti ilé-ìwé pa. Ẹ̀ṣọ́ kan jókòó sábẹ́ igi, ó ń fi ìgbálẹ̀ lé eṣinṣin.

"Kò sẹ́nì kankan nínú ilé o, àǹtí. Àwọn ewúrẹ́ nìkan ló ń kàwé."

Mo bi í léèrè Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ó ní ó ti lọ sílé, Ọ̀yọ́. Ó ní kí èmi náà lọ sílé.

Ẹ̀yin ẹ wò ó. Mo ti kúrò láàárín omi, mo ti la Òkìtìpupa àti Oǹdó kọjá, eruku ti wọ inú eyín mi. Bí mo bá padà, ẹlòmíràn á dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ṣáájú mi. Mi ò tilẹ̀ gbé àpò mi sílẹ̀. Mo yí padà, ó di Ọ̀yọ́.

*Ọ̀yọ́*

Ìgbà ọyẹ́ ni mo wọ Ọ̀yọ́. Ètè mi ya kí n tó sọ̀ kalẹ̀. Páànù orí ilé wọn pupa, ilẹ̀ pupa, àní ewúrẹ́ funfun pàápàá ti pọ́n. Mo wo iwájú, mo wo ẹ̀yìn, mi ò rí omi kankan tó tó kí ènìyàn ti ẹsẹ̀ bọ̀. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ènìyàn lè máa gbé ibi tí kò ti ní gbọ́ ìró omi rárá.

Agboolé Ọ̀jọ̀gbọ́n kò jìnnà sí ọjà Akẹ̀sán. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni baálé ibẹ̀, àgbàlagbà kan tó kọ àbàjà, tí ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù. Kí n tó sọ ohun tó gbé mi wá, wọ́n ti kí mi kú ìrìn, wọ́n kí mi kú ọyẹ́. Mo jókòó, wọ́n kí mi kú ìjókòó. Ara mi kò gba ìjókòó, mo dìde, wọ́n kí mi kú ìnàró. Gbogbo èyí, wọ́n ń pe èmi ọmọdé ní ẹ̀yin nítorí ìwé tí mo kà, níwájú àwọn ìyá tó lè bí mi. Nílé wa tí a ti ń pe bàbá ẹni ní ìwọ láìsí ìjà, ta ló mọ irú èyí? Mo ń wo ẹ̀yìn mi bóyá ẹlòmíràn wọlé tẹ̀lé mi.

"Ọmọ ibo la ní kí á pe àlejò wa?" baálé bi mí.

"Ọmọ Ìlàjẹ ni mí, bàbá. Etí òkun."

"Háà. Ẹ kú omi o."

Wọ́n ní kíkí fún ìyẹn náà!

Ó béèrè bàbá mi, ó béèrè ìyá mi, ó béèrè ẹja, ó béèrè bí òkun ṣe ń ṣe sí wa. Ohun kan ṣoṣo ni èmi fẹ́ gbọ́: ṣé Ọ̀jọ̀gbọ́n wà nílé?

"Ó wà nítòsí."

"Ṣé á dé lónìí, bàbá?"

"Kò níí pẹ́ dé, lágbára Ọlọ́run. Ẹ fara balẹ̀."

Mo gbé àpò mi sílẹ̀. Oúnjẹ baálé dé lákòókò náà, ẹ̀kọ àti ẹ̀fọ́ pẹ̀lú pánlá kan. Ó ṣan ọwọ́, ó gbójú sókè, ó ní, "Ẹ wá bá wa jẹun, Dókítà." Ẹ̀yin èèyàn mi, ta ni nínú yín tí wọ́n bá ní kó wá jẹun tí kò níí wá? Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tí kò bá fẹ́ kí o jẹ níbẹ̀ kò níí pè ọ́. Mo ṣan ọwọ́ mi, mo fà á mọ́ra. Ọmọ ẹja sì ni mí, ibi ẹja ni ọwọ́ mi kọ́kọ́ lọ. Baálé kò mira. Ó rọra ti abọ́ súnmọ́ mi, ó ní, "Ẹ jẹun dáadáa." Òun jẹ òkèlè díẹ̀, ó ní òun ti yó. Mo wí nínú ara mi pé àwọn àgbà ibí kì í jẹun púpọ̀.

Lẹ́yìn èyí ni mo gbọ́ ẹ̀rín àwọn ìyàwó ilé lẹ́yìn ògiri. Láti ọjọ́ náà, kí oúnjẹ baálé tó jáde, wọ́n á ti gbé tèmi fún mi lọ́tọ̀ ní yàrá tí mo wà, wọ́n á sì rọra pa ilẹ̀kùn dé mi.

Ọ̀jọ̀gbọ́n kò dé lọ́jọ́ náà. Kò dé lọ́jọ́ kejì. "Ó ń bọ̀ lọ́la," ni wọ́n ń sọ, pẹ̀lú ẹ̀rín. Mo rìn lọ sí Akẹ̀sán, mo rìn bọ̀. Mo dúró wo àwọn tó ń fín igbá. Ọ̀kan nínú wọn ní kí n jókòó, mo jókòó, mo tún dìde kó tó fín ìlà kan tán. Lálẹ́ mò ń rò ó pé ẹlòmíràn ti dé ọ̀dọ̀ Ọ̀jọ̀gbọ́n níbikíbi tó bá wà, pé ó ti ń bá a sọ̀rọ̀, pé wọ́n ti gbà á. Nígbà tí mi ò lè fara dà á mọ́, mo lọ bá baálé, mo ní, "Bàbá, ṣé ẹ mọ ibi tó wà?"

Ó wo òkè àjà pẹ́ díẹ̀. "Dókítà, ṣé ilé wa ò bá yín lára mu ni?"

Ìyàwó kan tó ń fẹ́ àgbàdo ní àgbàlá ló ṣàánú mi. "Ṣé wọn ò tíì wí fún yín ni? Ògbómọ̀ṣọ́ ni Bùrọ̀dá Pùròfẹ́sọ̀ ń gbé láti ìgbà tí wọ́n ti ti ilé-ìwé pa. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ sòbìà yẹn."

Gbogbo ilé ló mọ̀! Àní àwọn ọmọ tó ń rákòrò nílẹ̀ mọ̀. Ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n lè fi ẹnu kan sọ, wọn kò sọ ọ́, nítorí kí àlejò má baà rò pé wọ́n ń lé òun. Inú bí mi dé góńgó. Mo di ẹrù mi pẹ̀lú ariwo kí wọ́n lè mọ̀ pé inú ń bí mi. Kí ni wọ́n ṣe? Gbogbo wọn jáde. Wọ́n sìn mí dé ibùdókọ̀, wọ́n di ẹ̀kọ fún mi, ìyá àgbà kan gbàdúrà sí mi lórí títí awakọ̀ fi fọn fèrè. "Ẹ̀yin tí ẹ ò tíì dé dáadáa, ẹ ti fẹ́ máa lọ?" Mi ò lè bínú sí wọn mọ́, ìyẹn gan-an ló sì tún bí mi nínú. Ẹ ti gbọ́ ọ rí pé a-jí-ṣe-bí-Ọ̀yọ́ là á rí, Ọ̀yọ́ kì í ṣe bí ẹnìkan. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa ṣe é lọ.

*Ògbómọ̀ṣọ́*

Takie, láàárín ìlú, ni ọkọ̀ já wa sí. Ariwo ibẹ̀ tù mí lára. Níbẹ̀, wọ́n ń pariwo mọ́ ara wọn, obìnrin kan ń bú alábàárù, alábàárù ń bú u padà, mo sì dúró díẹ̀ láti gbádùn rẹ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n wà nílé àwọn ìyá rẹ̀. Nígbà tí mo wọlé, ó dìde, ó fi ọwọ́ méjèèjì gba ọwọ́ mi.

"Dókítà! Ẹ káàbọ̀ o. Ẹ mà kú wàhálà. Iṣẹ́ yín lórí àwọn kòkòrò yẹn, iṣẹ́ ńlá ni. Inú wa dùn púpọ̀ pé ẹ wá."

"Ẹ ṣé, sà. Àyè tí ẹ sọ yẹn ńkọ́, sà?"

"A ó máa rí i. Ẹ fara balẹ̀. Kò níí sí wàhálà."

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo fẹ́ fò. Nílé wa, ẹni tó bá ní kò níí sí wàhálà ti dì í ní kókó nìyẹn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ro yàrá tí n ó gbà, mo ro bí mo ṣe máa mú ìyá mi wá wo ibẹ̀.

Dókítà kan tún wà níbẹ̀ tó ń wá àyè kan náà, Lékan lorúkọ rẹ̀, ọkùnrin tí kò lè ju mí lọ lọ́jọ́ orí. Mo ṣàánú rẹ̀. Láti òwúrọ̀ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n ti ń jágbe mọ́ ọn. "Lékan! Ṣé o ti sùn ni? Gbé maikirosíkópù yẹn síbí. Mo ní síbí! Òpònú!" Ó ń rán an ní iṣẹ́ bí ẹni tí kò ka ìwé rí. Èmi ẹ̀wẹ̀, bí mo bá fẹ́ fọwọ́ kan aga, Ọ̀jọ̀gbọ́n á ní, "Ẹ má ṣe yọ ara yín lẹ́nu, Dókítà." Mo fa Lékan sẹ́yìn ilé, mo ní kó má jẹ́ kó dùn ún, pé àyè mìíràn á yọ lọ́lá Ọlọ́run. Ó wò mí pẹ̀lú ojú àánú tí kò yé mi.

Wọ́n fi mí wọ̀ sọ́dọ̀ Ìyá Ìbùkún, ìbátan Ọ̀jọ̀gbọ́n, tó ń ta irú ní Ọjà Igbó. Ìjọ aláṣọ funfun ló ń lọ, kì í wọ bàtà lọ sí ibẹ̀, ó sì máa ń gbàdúrà pẹ̀lú ohùn tó lè jí òkú. Mo fẹ́ràn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mò ń rìn lọ rìn bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, ó ní, "Ẹ jókòó, ẹ máa gbẹ́ ilẹ̀ mi o. Kí ni Pùròfẹ́sọ̀ wí fún yín gan-an?"

"Ó ní a ó máa rí i. Ó ní kò níí sí wàhálà."

Ó dá ọwọ́ irú tó ń dì dúró. "Lékan ńkọ́? Kí ló wí fún Lékan?"

"Òun? Òpònú ló ń pè é."

"Lójú yín?"

"Lójú gbogbo ayé, màmá."

Ó mí kanlẹ̀. "Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí, Dókítà."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ odidi rẹ̀ fún mi. Bí ó bá di àbọ̀, kò níí dé inú mi."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di férémù ilẹ̀kùn mú. Lẹ́yìn náà ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. "Ọmọ mi, ẹni tí a bá ń kí báyìí, àlejò ni. Àlejò á sì lọ. Ọmọ ilé ni à ń bú."

Mo jókòó sílẹ̀. Ó tún ṣàlàyé fún mi pé bí Ọ̀yọ́ bá ní kí ènìyàn wá jẹun, "á gba ibi ire o" lèsì rẹ̀, kì í ṣe kí ènìyàn ṣan ọwọ́. Ìtìjú mú mi ní ti pánlá baálé. Ṣùgbọ́n ìyẹn kéré. Ohun tó wọ̀ mí lára ni pé gbogbo bí Ọ̀jọ̀gbọ́n ṣe ń dá mi lọ́lá láti ọjọ́ tí mo ti dé, ọ̀nà ilé ló ń fi hàn mí.

*Mo ń wá èébú*

Bí a bá dé ìlú adẹ́tẹ̀, à á di ìkúùkù. Mo pinnu pé wọ́n gbọ́dọ̀ bú mi.

Mo pẹ́ dé lọ́jọ́ kejì. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní, "Ẹ kú ìrìn o, Dókítà." Mo da tíì sórí tábìlì rẹ̀. Ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, ṣé kò jó yín?" Mo gbé ìgò omi sójú oòrùn, níbi tí a kì í gbé e sí. Ó pe Lékan, ó sì bú Lékan pé kò gbé ìgò Dókítà sí ibòji. Ọjọ́ náà pẹ́ jù lójú mi nínú gbogbo ìrìn-àjò náà.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni a lọ sí abúlé oko kan lẹ́yìn ìlú, níbi tí wọ́n ti ń mu omi adágún. Ó ti pẹ́ tí mi ò rí omi! Mo sáré lọ sí etí rẹ̀ kí n tó kí ẹnikẹ́ni. Omi náà dúró, àwọ̀ rẹ̀ dà bí ògì bàbà, àwọn obìnrin sì ń wọ inú rẹ̀ dé orúnkún kí wọ́n tó pọn. Mo bu díẹ̀ sínú abọ́ funfun, mo gbé e sójú oòrùn. Àwọn kòkòrò mi nìyẹn, wọ́n ń fò sókè sódò. Ayọ̀ àti ìbẹ̀rù mú mi pọ̀.

Nígbà tí mo padà dé iwájú ilé baálẹ̀, wọ́n ti ń kíra wọn. Lékan fi ìrẹ̀lẹ̀ béèrè bóyá sòbìà wà ní abúlé náà.

"A dúpẹ́," ni baálẹ̀ wí. Àgbàlagbà ni, ó jókòó sórí ẹní, ó fi aṣọ bo ẹsẹ̀. "Ara le."

Wọ́n lọ sí ilé kejì. "A dúpẹ́, kò síbi." Ilé kẹta. "Ọlọ́run ń ṣọ́ wa." Níbo la ti rí ọmọ Ọ̀yọ́ tí wọ́n máa kí tí á ní kò dára? Ọ̀jọ̀gbọ́n mọ̀ pé bí ọ̀rọ̀ ṣe rí kọ́ nìyẹn. Ó sọ fún mi jẹ́jẹ́ pé bí a bá wá lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta, tí a gbé obì wá, tí a jókòó pẹ́, wọ́n á sọ òótọ́. Bóyá bẹ́ẹ̀ ló yẹ. Ṣùgbọ́n mo ti rí omi náà, wọ́n sì ń pọn ọ́n lọ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀.

Mo ti ṣàkíyèsí pé oòrùn ti kúrò lára igi, ó ti bọ́ sójú baálẹ̀, baálẹ̀ kò sì sún kúrò lórí ẹní. Mo padà lọ bá a. Mo lóṣòó níwájú rẹ̀.

"Bàbá, ẹsẹ̀ wo ni?"

Ó fa aṣọ mọ́ ẹsẹ̀. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti nawọ́, mo ká aṣọ náà sókè.

Méjì ni. Ọ̀kan ní ọrùn ẹsẹ̀, ọ̀kan lábẹ́ orúnkún. Wọ́n ti fi epo pa ojú egbò náà, wọ́n sì ká aràn tó ti yọ jáde mọ́ igi ìgbálẹ̀, kó má baà padà wọlé. Baálẹ̀ wo ojú mi tí kò ní ilà kankan.

"Ọmọ ta ni èyí?" ó béèrè lọ́wọ́ àwọn tó dúró. Lẹ́yìn náà, ó yíjú sí mi, ohùn rẹ̀ sì yí padà. "Láti ìgbà tí a ti ya àgbàdo ni mi ò ti dé oko mi."

Obìnrin kan fa ìró rẹ̀ sókè, ó fi orúnkún hàn mí. Òmíràn na apá rẹ̀. Bàbá kan tó ti ní ara òun le gan-an jókòó sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú aṣọ tó fi di ẹsẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ń bọ̀ láti ilé dé ilé, àwọn mìíràn ń rákò. Mi ò mọ ìgbà tí omi bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lójú mi. Mo fi abọ́ náà hàn wọ́n, mo ní ohun tó ń fò yìí ni kí wọ́n fi aṣọ sẹ́ dànù kí wọ́n tó mu omi náà. Wọ́n ń gbà á lọ́wọ́ ara wọn, wọ́n ń wò ó.

Nínú ọkọ̀ bí a ṣe ń padà, Ọ̀jọ̀gbọ́n kò sọ̀rọ̀ títí abúlé fi pa mọ́ wa lẹ́yìn. Ó bú jáde.

"Ṣé orí ẹ dàrú ni? Aṣọ baálẹ̀ lo ká sókè! Níwájú àwọn ìyàwó rẹ̀! Ta ló tọ́ ẹ? Ta ló kọ́ ẹ ní irú ìwà bẹ́ẹ̀, ìwọ ọmọ yìí?"

Mo tẹrí ba. Ọkàn mi ń jó fún ayọ̀. Lékan kò wo ẹ̀yìn.

Mo sáré wọ ilé Ìyá Ìbùkún. "Màmá, ó bú mi!"

"Irọ́! Ó ní kí ni?"

"Ó ní orí mi dàrú. Ó ní ta ló tọ́ mi."

"Ó bú òbí mọ́ ọn?" Ó pàtẹ́wọ́, ó yí po lójú kan, ó kígbe halelúyà. Ó ra wàrà lọ́wọ́ obìnrin Fúlàní tó ń kọjá, ó dín in pẹ̀lú ata. Ẹ̀yin tí ẹ gbà pé kò sí ohun tó dára ju ẹja lọ, ẹ ò tíì jẹ wàrà díndín nígbà tí inú ènìyàn dùn. Mo jẹ ẹ́, mo sì sùn bí ọmọ tuntun.

*Òwúrọ̀*

Mo tètè dé. Lékan ń gbálẹ̀ iwájú ilé. Ọ̀jọ̀gbọ́n wà lórí àga rẹ̀. Nígbà tó rí mi, ó dìde, ó fi ọwọ́ méjèèjì gba ọwọ́ mi.

"Dókítà, ẹ kú ojúmọ́. Ẹ kú iṣẹ́ àná o. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ nínú ọkọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi sínú. Ohun tí ẹ ṣe, àwa kò lè ṣe é. Ní ti àyè yẹn, a ó máa rí i."

Mo dúró síbẹ̀, ọwọ́ mi wà nínú ọwọ́ rẹ̀. Bó bá jẹ́ ìgbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, ǹ bá ti jó jáde. Ṣùgbọ́n mo ti gbọ́ èdè ìlú náà báyìí. Mo rí i pé mo lè kúnlẹ̀, kí n dúpẹ́, kí n padà wá sílé, kí n máa retí títí ọdún á fi yí po, kí ẹ máa bi mí léèrè, kí n máa ní wọ́n ní àwọn á máa rí i. Ara mi kọ̀ ọ́.

"Sà," mo ní, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi pé rárá."

"Dókítà! Kí ló fa èyí?"

"Mi ò mọ bí a ṣe ń retí, sà. Kò sí nínú ẹ̀jẹ̀ wa. Bí ẹ bá ti mọ̀ pé kò sí, ẹ sọ ọ́ kí n gbọ́, kí n lè wá ibòmíràn lọ."

Ó jókòó. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún nù ún. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ní, "Ṣé ẹ rí i, Dókítà, ọ̀rọ̀ ilé ayé yìí..." Mo dúró. Ó ní, "Ọlọ́run kì í sùn." Mo ṣì dúró. Ìgbálẹ̀ Lékan ti dákẹ́ níta.

"Rárá," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí.

Ohùn rẹ̀ kéré débi pé mo ní láti tẹ̀ síwájú. Mo rò pé kò sọ ọ́ fún àlejò rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí i. Nígbà tí ó ti jáde, ìyókù tẹ̀lé e. "Kò sí àyè fún yín. Ó ti di ti Lékan kí ẹ tó kúrò nílé yín. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni, èmi ni mo rán an nílé-ìwé. Iṣẹ́ yín dára ju tirẹ̀ lọ, mo mọ̀, òun náà mọ̀. Mi ò lè fún yín."

Ó dùn mí wọ egungun. Mi ò níí purọ́ fún yín pé kò dùn mí. Mo fẹ́ bínú sí i, mo fẹ́ béèrè ohun tí àwọn ará abúlé tó ń rákò yẹn ṣe fún un. Ṣùgbọ́n mo wo ojú rẹ̀, mo rí i pé ó ti dàgbà sí i láti ìgbà tí mo wọlé. Ìdààmú tí mo ti ń gbé kiri láti ẹnu géètì yẹn dákẹ́ nínú mi. Ìbànújẹ́ ló kù, ìyẹn sì rọrùn láti gbé.

Mo kúnlẹ̀ lórí eékún méjèèjì. "Ẹ ṣé, sà."

Ó ní kí n dìde. Mo dìde. Mo dúró díẹ̀ síi, mi ò tilẹ̀ mọ ohun tí mò ń dúró dè, bóyá mo rò pé á tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ pè.

"Kí lo tún dúró ṣe níbí?" ó jágbe mọ́ mi, omi sì ti kún ojú rẹ̀. "Òpònú ọmọ. Ṣé ojú ẹ ò ríran ni? Lọ wá ibi tí wọ́n á ti jẹ́ kí o ṣiṣẹ́. Lọ!"

Mo lọ. Ẹkún kò jẹ́ kí n rí ọ̀nà títí mo fi dé Takie.